Epo Ò Sí Nínú Ẹ̀ O

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Tíṣà kú, kò sẹ́ni tó purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an nìyẹn. Ká ní ẹnì kan purọ́ ni, wọn ì bá mú un, wọn ì bá bá a wí, kálukú ì bá sì gba ilé rẹ̀ lọ. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn yìí, ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n tó pa á, ẹni tó sì pa á kì í ṣe òpùrọ́.

Tíṣà tí mò ń wí yìí kì í ṣe tíṣà ilé-ìwé. Mọ́tò wíwà ló ń kọ́ àwọn èèyàn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní, funfun tó ti ń dípẹtà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́yìn pé AKẸ́KỌ̀Ọ́ NI, Ẹ ṢE SÙÚRÙ. Bíréèkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan fún Tíṣà fúnra rẹ̀, torí ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi ń jẹun. Òun ló fi rán ọmọ méjì níwèé, òun náà ló fi ra búlọ́ọ̀kù tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà fi mọ ilé tí wọ́n ń gbé. Bí ọkọ̀ náà bá dúró, ilé-ẹ̀kọ́ dúró, kò sí òmíràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún ní àléébù kan. Gééjì tó ń sọ iye epo tó wà nínú táǹkì ti kú láti ìgbà tí Tíṣà ti gbàgbé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í kúrò lójú kan, bóyá táǹkì kún ni o, bóyá ó gbẹ ni. Tíṣà kì í tilẹ̀ wo dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́, ó máa ń ṣírò ibi tó ti rìn dé, á fi mọ ìgbà tó yẹ kó ra epo, kò sì fìgbà kankan dúró sójú ọ̀nà rí.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò ní tíì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè tán tí á ti gbé etí lé ẹ́ńjìnì, tí á dijú, tí á wá máa mi orí. Ọdún mọ́kànlá lòun àti Tíṣà ti jọ ń bá a bọ̀. Kì í jí nǹkan oníbàárà, kì í mutí lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un ni pé gbogbo nǹkan ló ń fi ẹnu sọ, kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò kan wà létí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, n kò sì mọ ohun tó ń fi í ṣe.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Tíṣà rí i pé ilẹ̀ tí òun gbé ọkọ̀ sí ti dúdú, ohun tó ki kan ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Dókítà. Dókítà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó yọ orí jáde.

"Gáskẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ló ti jẹ, Tíṣà. Màá tú u, màá pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ wá gbé e lọ́sàn-án ọ̀la."

"Ṣé kò ní ju ọ̀la lọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí àwọn ọmọ mi máa ṣe ìdánwò." Àwọn tó ń kọ́ mọ́tò ló ń pè ní ọmọ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ mẹ́fà, ìkan nínú wọn sì ti ní ọmọ-ọmọ.

"Ọ̀la ni mo sọ."

Ọ̀la pé, iṣẹ́ sì parí lóòótọ́. Àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan dákú sí òdìkejì ìlú, wọ́n wá pe Dókítà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ Tíṣà sọ́wọ́ obìnrin tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wí bó ṣe wí i, torí ohùn yẹn ni wọ́n padà gbọ́ títí etí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di:

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ yín ti ṣetán. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá oníbátìrì. Epo ò sí nínú ẹ̀ o. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ rà á fúnra yín. Ẹ má gbàgbé o."

Tíṣà fún un lésì: "Mo ti gbọ́. Màá rà á lójú ọ̀nà."

Ó pòṣé bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí i. Ọjọ́ Sátidé ló da epo kún táǹkì ọkọ̀ náà dé ẹnu, kò sì tíì fi rìn jìnnà. Ta ló wá fà á gbẹ? Ó jọ pé wọ́n ti fi ọkọ̀ òun jẹ̀ kiri ìlú, wọ́n tún wá ní kóun má gbàgbé. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní òun ò ní torí epo bá Dókítà jà. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbéra, ó rò pé èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táǹkì á ṣáà gbé òun dé ibi tí òun ti máa rà á, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì inú ike ní ìkóríta, ó sì yà sí ilé epo.

Nǹkan àkọ́kọ́ tó rú u lójú nìyí: lítà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ dà tí epo fi tú sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín yìí ò dáa," ló wí fún ọmọbìnrin tó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú.

"Màámi, táǹkì yín ló kún."

"Táǹkì tó gbẹ ló ṣe fi lítà mẹ́rin kún?"

Ọmọbìnrin náà wo táǹkì, ó wo ẹ̀rọ, ó wo Tíṣà. "Èmi náà ò mọ̀, mà."

Tíṣà kúrò níbẹ̀ tòun ti ìdààmú. Bí ẹ̀rọ bá ń purọ́, epo tó tú sílẹ̀ ńkọ́? Bí táǹkì bá kún lóòótọ́, kí ni Dókítà ń sọ? Ó pinnu pé òun á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá dé. Aago mẹ́rin sì ti ń lù, Ìyá Aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà, wà nídìí géètì tó ń retí.

Ìyá Aránṣọ ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi mọ́tò sílẹ̀, mọ́tò náà wà nínú ọgbà tí ewé ń bọ́ lé e lórí. Màmá ní òun ò ní tà á, òun á wà á ni. Wàhálà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ lọ: ogójì ọdún ló ti fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, bó bá ti tẹ ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń ṣe tẹ̀ ẹ́, tẹ̀-tu, tẹ̀-tu, tí ọkọ̀ á wá máa jó lójú títì. Àmọ́ ojú rẹ̀ mú. Ẹni tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti kékeré, kò sí nǹkan tó lè kọjá lójú rẹ̀.

Wọ́n ti ń wà á lọ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lápá òsì, Tíṣà ti gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì tirẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára akẹ́rù náà.

"Tíṣà, iná pupa kan ń tàn níbí o. Ó dà bí kẹ́tùlù."

"Iná epo ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ máa wà á lọ, ẹ má wo ilẹ̀, ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ìyá Aránṣọ wo ojú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kàù-kàù-kàù, bí ẹni da òkúta sínú agolo tó ń mì í. Èéfín yọ. Ọkọ̀ fà, ó gbọ̀n, ó dúró. Wọ́n ṣíná sí i títí, kò mira mọ́. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì.

Nígbà tí wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, Dókítà ti dé. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi aṣọ nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Ó gbẹ bí igi ìdáná.

"Ẹ ò ra epo," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mo ra epo."

"Tíṣà, ẹ ò rà á. Mo sọ fún yín."

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ, mo sì rà á, ó kún títí tó fi tú sílẹ̀. Ó tú sí mi lẹ́sẹ̀. Wá gbóòórùn bàtà mi."

Dókítà wo bàtà. Tíṣà wo ọ̀pá. Àwọn méjèèjì ò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n wá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọ̀kan ń wí pé mo sọ fún yín, ìkejì ń wí pé mo rà á, ohùn sì ń ròkè sí i, títí ìyá oníbátìrì fi wá dúró sáàárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí Tíṣà kò sùn dáadáa. Bó bá dùbúlẹ̀, á gbé fóònù sétí, á tún gbọ́ ohùn Dókítà. Epo ò sí nínú ẹ̀ o. Ó ra epo. Kí ló tún kù? Nígbà mìíràn ó máa ń rò pé bóyá Dókítà ti ya wèrè. Nígbà mìíràn ó máa ń rò pé òun gan-an ló ti ń ṣe òun. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ohùn náà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó họ orí. "Ohun tó sọ náà lo ṣe," ló wí. "Gbé e lọ bá ẹgbẹ́ wọn. Kí wọ́n bá wa wá ibi tó ti wọ́."

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì máa ń jókòó nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn akunkọ̀, àga oníke márùn-ún, táyà tí wọ́n tò jọ, kàlẹ́ńdà tí kò sẹ́ni tó ṣí i láti oṣù mẹ́ta. Alága jẹ́ arúgbó akunkọ̀ tí ọ̀dà ti wọ inú èékánná rẹ̀ tí kò sì lè jáde mọ́. Akọ̀wé ni obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tó fi okùn so gíláàsì kọ́ ọrùn. Tíṣà wọlé, Ìyá Aránṣọ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Dókítà ti jókòó, ó fọ ọwọ́ mọ́ bí ọmọ tó ń lọ sọ́dọ̀ olùkọ́.

"Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni," Alága wí. "Ohun tó wà nílẹ̀ yìí ò fara pamọ́. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti Dókítà, yóò fi ẹ́ńjìnì mìíràn sínú ọkọ̀ yìí, a ó sì já pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lulẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, Tíṣà á gbé ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Màámi, ẹ sọ tiyín."

Tíṣà sọ tirẹ̀, ó tan fóònù, wọ́n gbọ́ ohùn náà. Gbogbo wọn mi orí. Ó hàn gbangba: Dókítà ní kó ra epo, ó ra epo. Dókítà náà sọ tirẹ̀, wọ́n tún gbọ́ ohùn náà. Gbogbo wọn tún mi orí. Ó hàn gbangba: Dókítà ní kó ra epo, kò ra epo. Alága ní kí wọ́n tún tàn án. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ohùn kan náà ni o, fóònù ò sì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà.

Akọ̀wé ló gbé gíláàsì sójú. "Dókítà, epo wo lo ní kò sí?"

"Epo náà ni, mà."

"Mo ní, epo wo?"

"Epo ẹ́ńjìnì. Ṣé epo mìíràn wà nínú ọkọ̀ ni?"

"Èyí tó fi ń rìn ńkọ́?"

Dókítà wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe epo. Pẹtiróòlù nìyẹn."

Tíṣà yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti Dókítà pàdé.

"Ọ́ìlì ni mò ń pe tìẹ," ló wí.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gbà ká pè é bẹ́ẹ̀, mà. Epo ni epo, pẹtiróòlù ni pẹtiróòlù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣì í pè, ebi ló máa pa á lọ́jọ́ náà."

Ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn, torí Dókítà fúnra rẹ̀ ló máa ń ra ọ́ìlì tí á sì dà á sí i. Kí ló wá dé tí kò rà á lọ́tẹ̀ yìí? Kí Tíṣà tó béèrè ló ti rántí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó bínú pé ọ́ìlì tí Dókítà rà ṣàn jù. Ó ní, "Láti òní lọ, fi í sílẹ̀, màá máa rà á fúnra mi." Ó sọ ọ́, ó sì gbàgbé. Dókítà tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ó rántí. Ẹyin lohùn.

"Táǹkì tó kún tẹ́lẹ̀ lẹ wá ń da epo sí," Alága wí, ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ó gbé e mì. Ó fọwọ́ pa orí. "Ẹ wò ó, orí ń yí èmi náà. Ṣùgbọ́n òfin wa ò yí. Ẹni tó bá fa ọ́ìlì kúrò nínú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ fẹ́nì kan. Bó o tilẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ nígbà ogún. Ohun kan ló lè gbà ẹ́, Dókítà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀. Iná pupa kan wà tó dà bí kẹ́tùlù. Bí iná yẹn bá tàn, tí ẹni tó ń wà á kò dúró, àjọpín ni ẹ̀bi. Ta ló wà nídìí ọkọ̀?"

"Èmi ni," Ìyá Aránṣọ wí.

"Màmá, ṣé ẹ rí iná kankan?"

Ìyá Aránṣọ wo àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún láìmọye ìgbà. "Mi ò rí iná kankan."

Iná epo ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ohùn ara rẹ̀ ni Tíṣà ń gbọ́ báyìí, kò sì nílò fóònù. Àwọn ọmọ mẹ́fà ń dúró dè é. Ilé-ẹ̀kọ́ ń dúró dè é. Kò sì ṣáà ní kí màmá purọ́, kò tilẹ̀ wò ó lójú. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò bá a wí? Dókítà kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Alága yíjú sí Dókítà. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ó ṣeé ṣe kó má tàn." Dókítà ti fa bírò etí rẹ̀ yọ, ó ń yí i lọ́wọ́. "Gbogbo nǹkan tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ló ti gbó. Gééjì ẹ̀ ti kú. Bóyá gílóòbù yẹn náà ti jó. Ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí màmá bá ní kò tàn, kò tàn."

Ká ní ó jiyàn ni, ì bá rọrùn fún Tíṣà. Ká ní ó pariwo pé irọ́ ni, inú ì bá bí i, ì bá sì dákẹ́ pa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ já pátákó ara rẹ̀ lulẹ̀.

"Ó tàn," Tíṣà wí. "Màmá rí i, wọ́n sì sọ fún mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo ní iná epo ni, mo ti ra epo. Mi ò tiẹ̀ wò ó."

Wọ́n dá ẹjọ́ náà sí méjì. Dókítà yóò wá ẹ́ńjìnì tó dáa, yóò fi sínú ọkọ̀ láìgba owó iṣẹ́. Tíṣà yóò san ìdajì owó ẹ́ńjìnì. Pátákó kò ní kúrò níbi tó wà. Akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa sọ "epo" lásán nínú ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Dókítà sọ pé ó máa gbà, ìyẹn ni pé ìdánwò á ti kọjá.

Lẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà na ọwọ́ sí Ìyá Aránṣọ. Màmá kò gbà á.

"Torí ọjọ́ orí mi ni wọ́n ṣe gbà mí gbọ́," ló wí. "Ojú yín ni mo wò tí mo fi pa irọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ wá sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo wọn."

"Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò lè..."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò lè. N ò ní kẹ́ ẹ lè." Ó gbé báàgì rẹ̀ sábíyá, ó ń lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Tíṣà dé ilé, kò mọ̀ bóyá ohun tó dáa lòun ṣe tàbí ohun tí kò dáa. Ó sọ òtítọ́, ó pàdánù ìdajì ẹ́ńjìnì, ó sì dójú ti àgbàlagbà tó fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ro apá kan, á dùn mọ́ ọn. Bó bá ro apá kejì, á fẹ́ sunkún. Ó sun ẹkún náà nígbẹ̀yìn, nínú ilé ìdáná, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó gbọ́ fèrè mọ́tò níwájú ilé. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan ló dúró, wọ́n ti fọ̀ ọ́, àmọ́ ewé gbígbẹ kan ṣì há sábẹ́ wáípà rẹ̀. Dókítà ló jókòó nídìí rẹ̀, Ìyá Aránṣọ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jí i dìde, Tíṣà," Dókítà wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Mo ti da epo sí i." Ó tún un sọ, ó ń ka ìka. "Mo da ọ́ìlì sí i. Mo da pẹtiróòlù sí i. Mo da omi sí i. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ó na bébà kan sí i lóòótọ́, bírò sì ti kúrò létí rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ ti bọ́ sí ìjókòó awakọ̀. Kò tíì kí Tíṣà. "Àwọn márùn-ún yòókù náà lè fi kọ́ṣẹ́," ló wí, ojú rẹ̀ wà níwájú. "Àmọ́ èmi ni àkọ́kọ́. Ẹ wọlé."

Tíṣà wọlé. Ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bó ṣe ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bíréèkì títí, kò bá nǹkan kan. Ọkọ̀ yìí ò ní ju bíréèkì kan lọ, abẹ́ ẹsẹ̀ màmá ló wà.

"Tíṣà."

"Mà."

"Bí mo bá ní iná kan tàn lónìí, ẹ máa wò ó?"

"Màá wò ó, màmá."

Ìyá Aránṣọ ṣíná sí ọkọ̀. Àwọn iná kékeré tàn pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́tùlù náà wà láàárín wọn, wọ́n sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì tẹ orí síwájú, wọ́n ń wò wọ́n títí èyí tó kẹ́yìn fi kú. Lẹ́yìn náà ni màmá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì gbéra láìjó.